Jíìnì àti bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara

Oògùn kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, lè wo ẹnì kan sàn, kó má ran ẹlòmíì rárá, kó sì ṣe ẹnì kẹta léṣe. Ọjọ́ orí àti ìlera ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ wà nínú jíìnì tí kálukú jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọdún 1959 ni Friedrich Vogel, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, fún ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ tó ń jẹ́: pharmacogenetics.

Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Àwọn ènsáímù ibẹ̀ ló ń pa oògùn dà, jíìnì ló sì ń pinnu bí wọ́n ṣe lágbára tó. Kódíìnì, oògùn ìrora, ló fi èyí hàn jù. Òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa ìrora. Ènsáímù CYP2D6 ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọfíìnì, mọfíìnì yìí ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí CYP2D6 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lè lo kódíìnì títí kí ara má tù ú. Àwọn mìíràn sì wà tí jíìnì náà ju méjì lọ lára wọn: kíá ni mọfíìnì ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èémí wọn sì lè dákẹ́. Ó bani lọ́kàn jẹ́ pé àwọn ọmọdé ti kú báyìí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun, nígbà tí ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn kò ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 2017, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní kódíìnì.

Bákan náà ni clopidogrel, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: àfi kí CYP2C19, ènsáímù ẹ̀dọ̀ mìíràn, pa á dà kó tó wúlò.

Ti ènsáímù tó ń jẹ́ G6PD yàtọ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dáàbò bò. Bí kò bá tó lára ẹni tó lo primaquine, oògùn ibà, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á máa bẹ́. Orí krómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà, ìdí nìyí tí àìtó rẹ̀ fi ń hàn lára ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Àyẹ̀wò HLA-B*57:01, irú jíìnì kan tí àwọn èèyàn kan jogún, ti di dandan kí wọ́n tó fún èèyàn ní abacavir, oògùn HIV, torí ara àwọn tó ní in lè kọ oògùn náà débi ikú. Kò yẹ kí dókítà máa fi àwọ̀ tàbí ẹ̀yà aláìsàn méfò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn nílò láti ṣe àyẹ̀wò jíìnì kan, nítorí jíìnì tí a bí mọ́ni kì í yí padà. Síbẹ̀, oògùn mìíràn lè da èsì náà rú: paroxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, máa ń dí CYP2D6 lọ́wọ́, tí ẹni tí jíìnì rẹ̀ pé yóò fi dà bí ẹni tí kò ní in.