Kí ló dé tí Rosalia alpina fi ṣọ̀wọ́n nínú igbó tó kún fún igi?

Ìbéèrè: Igi beech pọ̀ ní Yúróòpù. Kí ló wá dé tí Rosalia alpina, kòkòrò oníwo gígùn tó ń fi igi náà ṣe ilé, fi ṣòroó rí tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Òkú igi ló ń wá, kì í ṣe igi tútù. Kò tún fẹ́ èyí tó wà lábẹ́ ìbòòji. Ìtì gbígbẹ tí oòrùn ń pa ló fẹ́, ì báà wà lóòró, ì báà ti wó. Nínú igbó tí wọ́n ń dá fún pákó, wọ́n á ti gé igi kó tó gbó débi tí yóò kú fúnra rẹ̀. Igi wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kòkòrò yìí ò ríbi yé ẹyin sí.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe rí?

Ìdáhùn: Ó máa ń gùn tó mìlímítà 15 sí 38. Àwọ̀ eérú tó fara jọ búlúù ni tirẹ̀, pẹ̀lú àmì dúdú kirikiri bí aṣọ àrán. Ìwo akọ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ìdì irun dúdú sì wà lára àwọn oríkèé ìwo náà. Mi ò tíì mọ kòkòrò tó rẹwà jù ú lọ. Síbẹ̀, tó bá bà lé èèpo beech, tóun náà láwọ̀ eérú, ojú lè fò ó.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló ń jáde?

Ìdáhùn: Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti bí oṣù kẹfà. Abo á ki ẹyin bọ inú ojú sísán lára igi. Ìdin á máa jẹ igi náà lọ nínú òkùnkùn, ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń gbà á. Nígbà tó bá dàgbà tán, á jẹ ihò kan tó gùn díẹ̀ bí ẹyin, á gbabẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló máa lò níta.

Ìbéèrè: Ṣé òfin ò dáàbò bò ó ni?

Ìdáhùn: Ó ń dáàbò bò ó. Láti ọdún 1992 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kà á mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ parun. Ohun tó ń dùn mí ni igi ìdáná. Wọ́n á gé beech, wọ́n á tò ó jọ sínú oòrùn létí igbó. Lójú abo, ibi tó dáa jù nìyẹn, á sì yé sí i. Kó tó di pé ìdin dàgbà, wọ́n ti kó igi náà lọ sun. Kí wọ́n kó o kúrò kí oṣù kẹfà tó wọlé, tàbí kí wọ́n tò ó síbi ìbòòji. Èyí tó bá sì ti lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn nínú oòrùn, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ti wà nínú rẹ̀.