Star GitHub Kọ́ Lẹ Máa Fi Yan Package

Ẹ má bínú o, inú ń bí mi lónìí. Ẹni kẹta rèé láàárín oṣù kan tó máa gbé áàpù tó ti dẹnu kọlẹ̀ wá bá mi, tí mo bá sì bi ọmọ tó kọ ọ́ pé kí ló rí tó fi mú package tó mú (ìyẹn code tí ẹlòmíì ti kọ, téèyàn kàn ń gbé wọ inú iṣẹ́ ẹ̀), ìdáhùn kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, star ẹ̀ pọ̀ ní GitHub." GitHub ni ibi táwọn tó ń kọ code ń kó iṣẹ́ wọn sí, star sì ni àmì téèyàn ń tẹ̀ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ta ló kọ́ yín báyìí? Àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ méjì lórí YouTube ni, tí wọn ò gbé iṣẹ́ kankan débi tí èèyàn gidi ti ń lò ó rí.

Kó o tó wá package rárá, kọ ohun tí iṣẹ́ ẹ ń fẹ́ sílẹ̀, kó o fi nọ́ńbà kọ ọ́. "Kó yára" ò tíì sọ nǹkan kan. "Kó ṣí láàárín sẹ́kọ́ńdù 3 lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ń lo 3G", ìyẹn ló ṣeé wọ̀n. ISO 25010, ìlànà àgbáyé lórí ohun tó ń mú sọ́fúwíà dára, ti to ìyókù ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò sílẹ̀, ẹ lọ kà á.

Áàpù alájọ kan ló dé kẹ́yìn. Àwọn ìyá tó ń lò ó nínú ọjà kàn fẹ́ rí ọjọ́ tí wọ́n dáwó ni, ọmọ yẹn wá gbé odindi Moment.js, package tó ń bá èèyàn ṣètò ọjọ́ àti àkókò, wọlé pẹ̀lú gbogbo èdè inú ẹ̀, nítorí "15 Oṣù Kẹta" péré! Àwọn tó ni Moment.js fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlò ẹ̀ láti 2020 pé àwọn ò fi nǹkan tuntun kún un mọ́, kí iṣẹ́ tuntun lọ wá òmíì. Kò kà á. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí laptop òun. Mo yọ ọ́, mo lo Intl, irinṣẹ́ kíkọ ọjọ́ tó ti wà nínú browser tẹ́lẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú mo ti parí ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "àwọn kan ti lò ó, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan." Ẹ jẹ́ n sọ ti Ariane 5 fún yín. June 4, 1996, ní Kourou ní French Guiana, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Yúróòpù yìí gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Code tó ń sọ ibi tó kọjú sí fún un, ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú un, ó sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n eré tí Ariane 5 ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, nọ́ńbà kan wá tóbi ju àyè bit 16 tí wọ́n fẹ́ kó o sí, àyè yẹn ò gbà ju 32,767 lọ. Kọ̀ǹpútà kú. Èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè é, code kan náà ló wà nínú ẹ̀, òun náà ti kú. Kò pé sẹ́kọ́ńdù 40 tó fi túká lójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò tó pa á yẹn, Ariane 5 ò nílò ẹ̀ mọ́ rárá tó bá ti kúrò nílẹ̀! Ìwé tó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lára kọ̀ǹpútà yẹn, wọn ò kọ ipa ọ̀nà Ariane 5 sínú ẹ̀.

Kó o sì wo ẹni tó ń tọ́jú package tó o fẹ́ mú. Ní 2018, títọ́jú package kan tó ń jẹ́ event-stream ti sú ẹni tó ni ín, àjèjì kan ní òun á bá a tọ́jú ẹ̀, ó kó o lé e lọ́wọ́, onítọ̀hún gba ibẹ̀ ki code tó ń jí Bitcoin bọ̀ ọ́. Àwọn tó ń lò ó pọ̀ rẹpẹtẹ o.

Mo ṣì ń yẹ ìyókù áàpù alájọ yẹn wò báyìí. Package méjì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti 2019, ọ̀kan nínú wọn ló sì ń ṣírò owó.