Ẹ Pè Wá Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ẹ

"Dọ́kítà, a ti gbẹ́ borehole o, àmọ́ kò sómi níbẹ̀. Kí la máa wá ṣe báyìí?"

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka Jiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ní yunifásítì èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá bóyá irú ìpè yìí kì í dà á láàmú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó ti lọ, ọkọ̀ agbẹ́lẹ̀ ti lọ, ẹni tó gbẹ́ ẹ kò gbé fóònù mọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé yunifásítì wà nílùú. Kí ni kí n ṣe sí ihò tó ti gbẹ? Ṣé kí n lọ pọnmi sí i ni?

Mi ò ní máa ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀ tó fi ń wọnú ilẹ̀. Ẹ ti kọ́ ìyẹn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ kò kà sí, tó sì ń ná yín lówó, ni pé abẹ́ ilẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Láti Ìkòròdú lọ sí Ọ̀tà títí dé Àgbádárìgì, iyanrìn ló pọ̀ jù nísàlẹ̀ níbẹ̀, ìpele lórí ìpele, omi sì rin ín gbingbin. Ìbàdàn, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́, orí àpáta líle ni wọ́n wà. Odindi àpáta kì í gba omi sára. Ibi méjì péré lomi lè sá pamọ́ sí nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: apá òkè níbi tí àpáta ti jẹrà di erùpẹ̀, àti ojú ibi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Ẹ lè dúró síbì kan kí omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sún díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, kó jẹ́ òkúta gbígbẹ ni ẹ óò máa lọ̀ títí owó yín á fi tán.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn oníwáyà. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni náà á mú wáyà kọ́pà méjì dání, á máa yí ilẹ̀ po wọ́ọ́rọ́wọ́, wáyà á forí kora, á ní, "Omi rèé o." Bí mo bá sọ pé irọ́ ni, wọ́n á ní, "Àmọ́ Dọ́kítà, ó rí omi fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú!" Họ́wù! Ní Ìkòròdú, bí ẹ bá ju bàtà sókè tí ẹ gbẹ́ ibi tó balẹ̀ sí, ẹ óò kan omi. Ẹ ní kó gbé wáyà ọ̀hún bọ̀ n'Íbàdàn kó wá fi ba owó olówó jẹ́. Àwọn míì á tún da òróró àdúrà sójú ibẹ̀. Onígbàgbọ́ lèmi náà, mo sì máa ń gbàdúrà kí n tó jáde nílé, ṣùgbọ́n òróró kò la àpáta rí.

Irin mẹ́rin ni àwa máa ń gún mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. A óò jẹ́ kí iná díẹ̀ gba ara méjì tó wà níta wọlẹ̀, a óò sì wọn ohun tó bá hàn láàrin méjì tó wà nínú. Bí a bá ṣe ń fa àwọn ti ìta jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná ọ̀hún á ṣe máa wọlẹ̀ sí i. Àpáta gbígbẹ kì í fẹ́ gba iná. Ilẹ̀ tómi bá wà máa ń gbà á. Ẹ̀rọ yìí, ẹni tó bá lówó lè rà á, ọ̀pọ̀ gbájú-ẹ̀ ló sì ti rà á. Àmọ́ amọ̀ náà máa ń gba iná, omi oníyọ̀ náà sì ń gbà á. Gbájú-ẹ̀ á rí nọ́ńbà kékeré lójú ẹ̀rọ, tó fi hàn pé ilẹ̀ gba iná dáadáa, á ní omi ti dé, bẹ́ẹ̀ amọ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Amọ̀ lè mu omi yó kẹ́rí kó má sì fi ẹ̀kán kan sílẹ̀ fún yín. Kí ọmọ ilé ìwé wa tó lè mọ ìyàtọ̀ yìí, á ti fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún gba ìdojútì lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí wọn kò lè rà lọ́jà ni àkọsílẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1962, ti Àkúrẹ́ dé ní 1981, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta sì dé ní 1988. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ wa ń gbé òòlù wọgbó, tí wọ́n ń fọ́ òkúta wò, tí wọ́n ń ya máàpù, tí wọ́n ń wọn jíjìn kànga ojúlé dé ojúlé. Nípasẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ la fi mọ̀ pé àwọn òkè tó la àárín Ìbàdàn kọjá, Màpó àti Mọ́kọ́lá láàrin wọn, irú òkúta kan tí a ń pè ní quartzite ló gbé wọn dúró. Òkúta yẹn máa ń sán dáadáa, omi sì máa ń rí ojú ibi tó sán gbà. Ẹni tó bá mọ ibi tó gbà lọ lábẹ́ àdúgbò yín ti gba yín lọ́wọ́ gbèsè.

Kò mà tán síbẹ̀ o, kí n sọ ti ilé wa náà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn àkọsílẹ̀ yìí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí eruku ti bò. Pùrójẹ́ẹ̀tì tí ọmọ fi oorun ojú rẹ̀ ṣe, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á kó o pamọ́, ó parí. Àpilẹ̀kọ tí a bá gbé jáde ní òkè òkun ló ń mú wa ga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá lọ jókòó nípàdé àwọn onílé láti sọ ibi tí omi wà fún wọn, kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Wangari Maathai kò fi ti pé olùkọ́ nípa ẹ̀yà ara ẹranko lòun ní yunifásítì Nairobi ṣe, nígbà tó kó àwọn obìnrin abúlé jọ ní 1977 pé kí wọ́n wá gbin igi torí odò wọn ń gbẹ. Ẹ̀bùn Nobel ló gbà ní 2004. Ẹni tó ń wo inú ẹranko ló ń gba odò là, àwa tí omi gan-an jẹ́ iṣẹ́ wa ń kó ìwé sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìjọba náà kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ẹ wo borehole tí àwọn olóṣèlú ń gbẹ́ káàkiri: orúkọ aṣòfin á wà lára táńkì gàdàgbà-gadagba, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Agbaṣẹ́ṣe kò wọn ilẹ̀ kó tó gbẹ́ ẹ, torí ìdíje ìbò ti sún mọ́lé. Wọ́n á wá gun orí pèpéle níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, wọ́n á ní ipa ribiribi ni yunifásítì ń kó nínú ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. A ó sì pàtẹ́wọ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohun tó ń gba oorun lójú mi gan-an, ìyẹn soakaway, kòtò tí omi ìgbẹ́ ilé ń gbà wọnú ilẹ̀.

Bí borehole yín bá gbẹ, owó lẹ pàdánù. Àmọ́ bó bá lómi, tó sì wà nítòsí soakaway, èyí tó burú jù nìyẹn, torí ẹ óò máa mu ún. Ìlànà tí a fi ń kọ́ ọmọ wa ni pé kí ó tó 30 mítà láàrin omi mímu àti ibi tí ìgbẹ́ ń dà sí. Ẹ wá wo ilẹ̀ tí ẹ rà, pulọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ lórí 120. Ìyẹn kò ju bíi 18 mítà lórí 37. Ẹ gbé ilé sí àárín, ẹ gbé soakaway sẹ́yìn, ẹ gbé borehole síwájú, ẹ rò pé ẹ gbọ́n. Soakaway aládùúgbò tó wà níwájú yín ńkọ́? Ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ńkọ́? Omi inú ilẹ̀ kò mọ fẹ́ǹsì. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ ló sábà máa ń ṣàn sí, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ló sì ń mu ti àwọn ará òkè.

Páìpù náà ńkọ́? Ihò tí wọ́n gbẹ́ máa ń fẹ̀ ju páìpù tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ lọ. Àlàfo á wà yí páìpù ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ti ń wọlé; lókè, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò ló yẹ kí wọ́n rọ síbẹ̀, kó dì pa, kí omi ìdọ̀tí má bàa rí ara páìpù bá sọ̀kalẹ̀. Kí làwọn tó ń gbẹ́ ẹ fún yín ń ṣe? Erùpẹ̀ tí wọ́n hú jáde náà ni wọ́n ń kó padà sínú àlàfo. Wọ́n á wá fi sìmẹ́ǹtì dárà sójú ilẹ̀, ẹ ó ní iṣẹ́ dára. Ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé, "Sìmẹ́ǹtì tó ń wọ ẹ̀yìn páìpù dà?" Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ má sanwó.

Bàbá kan wà lẹ́yìn Àkóbọ̀ n'Íbàdàn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbẹ́ borehole fún ilé àti àdúgbò. Oníwáyà mú ojú ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ, àpáta ni. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn, ibi tí ọkọ̀ agbẹ́lẹ̀ lè wọ̀ nìkan ló sì kù: ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, níbi tí soakaway ilé kejì fẹ̀yìn tì. Omi tú jáde bíi kí ló dé. Wọ́n jó, wọ́n pa àgbò. Omi náà mọ́ gaara, àwọn aládùúgbò ń tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan tó ń ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ló dé àdúgbò yẹn, tó ń gba omi lójúlé kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò. Bàbá lé e. Ó ní ẹni tó ń bu omi olómi sínú ìgò, tó ń kọ orúkọ ilé sí i lára, kì í ṣe iṣẹ́ ire ló fẹ́ lọ ṣe. Ìyàwó ayálégbé kan ló bu omi fún un lẹ́yìn ilé. Nígbà tí èsì jáde, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá wà níbẹ̀, nitrate rẹ̀, ìyẹn èròjà kan tí ìgbẹ́ máa ń dà sínú omi, sì ti kọjá 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, ibi tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi òdiwọ̀n sí.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ. Kòkòrò, bí ẹ bá se omi, á kú. Nitrate kì í kú, torí kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì yí adùn omi padà. Bí ẹ bá ṣe ń se omi tó, tí omi ń fà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ki sí i. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń fi irú omi yẹn po mílíìkì fún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́ bó ṣe yẹ. Ètè àti èékánná rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bíi aró. Ìyàwó ayálégbé tó bu omi fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, wọ́n sì ti gbé e lọ gbàdúrà pé àwọn ayé ló ń bá a jà. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló sáré padà lọ sọ fún un. Wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n pààrọ̀ omi, ọmọ yè.

A lọ bá bàbá. Ó bu omi sínú ife dígí, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní, "Dọ́kítà, ẹ wò ó. Kí ló ṣe é?" Kò sí ohun tí a lè fi hàn án nínú ife. A kò lè rọ sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn páìpù tó ti wọlẹ̀ ṣinṣin. Dídí ni wọ́n dí borehole náà pa. Títí dòní, nípàdé àwọn onílé, bàbá ń sọ pé àwọn ará yunifásítì ló ba omi òun jẹ́.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé omi kò wọ́n lábẹ́ ilẹ̀ yín, ṣùgbọ́n òkun wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí olúkúlùkù bá ń fa omi láìwo ẹ̀yìn, omi oníyọ̀ á rọ́ wọlé dípò èyí tí ẹ fà jáde. Borehole tó ti bá iyọ̀ pàdé ti wà ní Victoria Island àti Àpápá. Iyọ̀ tó bá ti wọ ilẹ̀ báyẹn kì í tètè jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé omi wá fún àyẹ̀wò, ẹ kọ́kọ́ wá gba ìgò tí a ti sè pa kòkòrò ara rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tú omi dànù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó bu ú, ẹ má ti ìka bọ ẹnu ìgò, ẹ gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà, kó sì dé ọ̀dọ̀ wa kó tó pé wákàtí mẹ́fà. Ẹ má gbé e wá ní ọ̀sán Jímọ̀. Bí ẹ bá sì rọ ọ́ sínú ike ẹlẹ́rìndòdò, ẹ máa mu ún lọ́nà, torí a ò ní gbà á.