Bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Selichot rí ní èdè tó yéni

Ẹni tó bá wọ sínágọ́gù ní òru Sátidé kan tó kángun sí Ọdún Tuntun àwọn Júù yóò bá ìjọ níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Aṣáájú àdúrà á pe nọ́ńbà kan, ìwé á ṣí, ẹnu á máa sáré. Kí àlejò tó rí ojú ewé náà, wọ́n ti fi í sílẹ̀. Bó bá délé tó ní kí òun wá ìtumọ̀ ohun tí òun gbọ́, ìwé kan lè ní i, ìkejì lè má ní in rárá, ẹ̀kẹta sì lè ní òmíràn tó jọ ọ́. Ìwé kò ṣìnà o. Bí a ṣe kó Selichot jọ gan-an nìyẹn.

Ní èdè Hébérù, "àwọn ìdáríjì" ni Selichot túmọ̀ sí. Kì í ṣe àdúrà kan ṣoṣo. Ẹsẹ Bíbélì ló pọ̀ nínú rẹ̀, ewì sì wà láàárín wọn, èyí tí àwọn akéwì kọ ní oríṣiríṣi ìlú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìlú kọ̀ọ̀kan ṣa èyí tó wù ú. Ìwé tí wọ́n ń kà nílànà Poland yàtọ̀ sí ti Lithuania, ti Frankfurt sì tún dá dúró. Nọ́ńbà 12 nínú ọ̀kan lè máà jẹ́ nọ́ńbà 12 nínú èkejì.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: Selichot ta ni? Àwọn Sephardi, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti Spain àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá wá, ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Élúlì, oṣù tó ṣáájú Ọdún Tuntun wọn, wọ́n á sì máa bá a lọ títí di Ọjọ́ Ètùtù, nǹkan bí ogójì ọjọ́. Ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń tún kà láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìtumọ̀ tiwọn kò ṣòro wá. Ẹni tó bá rí ìwé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀dọ̀ àwọn Ashkenazi, àwọn ará Jámánì àti ìlà oòrùn Yúróòpù, ni iṣẹ́ wà. Ewì tiwọn ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà ó di dandan kí ènìyàn mọ ọjọ́. Òru Sátidé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì ka Selichot ní ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán kí Rosh Hashanah, ìyẹn Ọdún Tuntun náà, tó dé. Rosh Hashanah kì í bọ́ sí Sọ́ńdè, Ọjọ́rú tàbí Ẹtì. Bó bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tàbí Sátidé, Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ti tó. Bó bá bọ́ sí Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́rin kò ní pé, wọ́n á wá fi ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹni tó mọ̀ pé "ọjọ́ kẹta" ni òun lọ ti sún mọ́ ohun tó ń wá ju ẹni tó mọ déètì lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́, ìlà àkọ́kọ́ ló kàn. Ọ̀pọ̀ ewì wọ̀nyí kò ní àkọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ wọn. Ọ̀mọ̀wé Israel Davidson rí èyí, ó sì to ewì Hébérù tó lé ní 35,000 ní ìlànà lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ sínú ìdìpọ̀ mẹ́rin tó jáde ní New York láàárín 1924 sí 1933. Títí dòní, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń ná ọwọ́ sí bí ewì kan bá sọnù mọ́ wọn lójú. Ẹni tí kò lè ka Hébérù á gbọ́ ohùn náà, á sì fi lẹ́tà tiwa kọ ọ́, ibẹ̀ ni fóònù ti ń tàn án. Lẹ́tà kan tí Sephardi ń pè ní "t" ni Ashkenazi àtijọ́ ń pè ní "s". Kí ènìyàn wá Selichot, kó wá Selichos, kó tún wá Slichot, nítorí ohun kan náà ni gbogbo wọn.

Àmọ́ kó tó wá ewì, ó yẹ kó mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ti wà nínú Bíbélì ilé rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ Selichot àwọn Ashkenazi ni Sáàmù 145. Láti inú Dáníẹ́lì orí 9 ni "tìrẹ ni òdodo" ti wá. "Èmi ti dárí jì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ" wà nínú Númérì 14:20. Ewì tí wọ́n fi ń ṣí òru àkọ́kọ́, *Bemotzaei Menuchah*, "nígbà tí ìsinmi parí", ní ègbè tó ń padà wá lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń bẹ Ọlọ́run kó gbọ́ orin àti àdúrà. Ọ̀rọ̀ Sólómọ́nì níbi ìyàsímímọ́ tẹ́ńpìlì ni, Àwọn Ọba Kìíní 8:28. Ẹni tó bá ní Bíbélì Yorùbá lọ́wọ́ lè tò wọ́n jọ láìdúró de Gẹ̀ẹ́sì.

Ibì kan wà tí Bíbélì kò ti ní gbè é, ibẹ̀ sì ni ọkàn gbogbo Selichot wà. Àwọn Júù ń pè é ní Ìwà Mẹ́tàlá, láti inú Ẹ́kísódù 34:6-7: "OLÚWA, OLÚWA, Ọlọ́run aláàánú àti olóore-ọ̀fẹ́..." Talmud, ìwé ńlá tí ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́ wà nínú rẹ̀, sọ lẹ́nu Rábì Yohanan pé Ọlọ́run da aṣọ bora bí aṣáájú àdúrà, ó fi ètò náà han Mósè, ó ní nígbàkúùgbà tí Ísírẹ́lì bá ṣẹ̀, kí wọ́n ṣe é báyìí níwájú òun, òun yóò sì dárí jì wọ́n. Nínú Bíbélì, ẹsẹ náà ń lọ síbi pé Ọlọ́run kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà. Hébérù ibẹ̀ ni *venakeh lo yenakeh*. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò dá ètò ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bí àwa náà ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe nìyẹn: "wíwẹ̀mọ́, kò ní wẹ̀ wọ́n mọ́." Àdúrà wá gé ẹsẹ náà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. *Venakeh*, ó dúró. "Ó sì ń wẹ̀ wọ́n mọ́." Ìdájọ́ di àánú nítorí pé ẹnu dákẹ́ lásìkò. Ẹni tó bá da ẹsẹ Bíbélì kọ bó ṣe wà, tó pè é ní ìtumọ̀ Selichot, ti sọ òdìkejì ohun tí ìjọ ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìṣòro ti ìjẹ́wọ́ yàtọ̀. *Ashamnu, bagadnu, gazalnu*: lẹ́tà Hébérù ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì máa rọra fi ọwọ́ lu àyà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Atúmọ̀ tó bá di ìtumọ̀ mú yóò kọ "a jẹ̀bi, a dalẹ̀, a jalè," lẹ́tà á fọ́nká. Èyí tó bá di lẹ́tà mú yóò wá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn fi dípò. Méjèèjì wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí àkójọ ẹ̀ṣẹ̀ inú ìwé méjì kì í fi í bára mu. Tí wọ́n bá ní ká ṣe é ní Yorùbá, "a" ni yóò ṣáájú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í sì í fi fáwẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kọ́ńsónáǹtì 18 péré ló kù láti fi ṣeré: a bani lórúkọ jẹ́, a dalẹ̀, a fìyà jẹ aláìní, a gàn ẹlẹ́gbẹ́ wa, a gbẹ̀yìn bẹbọ jẹ́, a halẹ̀ mọ́ni, a jalè. Ó dùn létí, àmọ́ kì í ṣe *Ashamnu* mọ́. Ọ̀kan wà tí kò nílò atúmọ̀ kankan: *kishinu oref*, a ti di ọlọ́rùn líle.

Nígbà mìíràn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń wá kúrò ni. *Machnisei Rachamim* ń bẹ àwọn áńgẹ́lì pé kí wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ wọlé. Àwọn rábì kan kò fara mọ́ ọn, Maharal ti Prague sì wà lára wọn, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan là á bẹ̀. Ìjọ mìíràn fò ó, òmíràn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí kò bá sí nínú ìtumọ̀ kan, kí a wo Hébérù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a tó bínú sí atúmọ̀.

Ní ti ibi tí a ti lè wá a, Sefaria lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Selichot ní ìlànà púpọ̀, Hébérù lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ewì ló ní ìtumọ̀. Open Siddur, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ń kó ìtumọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tún lò jọ. Ìtumọ̀ Abraham Rosenfeld tó jáde ní London ní àwọn ọdún 1950 ṣì ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fo ìlà.

Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ náà tán tó fẹ́ dá kà á nílé yóò tún bá òfin méjì pàdé. Bí ọkùnrin mẹ́wàá kò bá pé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àtijọ́, a kì í ka Ìwà Mẹ́tàlá bí àdúrà. Ohùn tí wọ́n fi ń ka Tórà, ìyẹn ìwé márùn-ún Mósè, ni ènìyàn á fi kà á, bí ẹni ń kẹ́kọ̀ọ́. Èkejì ni àwọn àdúrà èdè Árámáíkì tó wà lápá ìparí: ẹni tó dá wà a máa fò wọ́n. Wọ́n ní àwọn áńgẹ́lì tó ń gbé àdúrà ẹni tó dá wà lọ kò gbọ́ Árámáíkì, níbi tí ìjọ bá sì ti pé, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń wá alágbàsọ.