Àkọ̀ Kì Í Gba Ọ̀bẹ Lọ́wọ́ Ìpẹtà

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá mi papò dà kí n tó nawọ́ sí ọ̀bẹ ọdẹ wọn tó rọ̀ sára ògiri. Àkọ̀ rẹ̀ ṣì wuni. Awọ pupa ni, wọ́n gé awọ dúdú tín-ín-rín ṣe ọnà lé e lórí, wọ́n sì fi okùn awọ funfun rán etí rẹ̀ láti òkè dé ìdí. Mo fa ọ̀bẹ náà, kò wá. Mo tún fà á, ó dún gàrà, ó jáde. Ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri ti jẹ kòtò kòtò bí ojú ẹni tí ilẹ̀-gbígbóná bá jà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àfi kó jẹ́ pé ẹnì kan yọ ọ́ lò, tó sì dá a padà tòun ti omi. Ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́. Àkọ̀ yẹn gan-an ló jẹ ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé ọ̀bẹ tó bá ti wọ àkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìpẹtà, pàápàá bí awọ náà bá nípọn. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìpẹtà, ilé ló ń wó onílé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí awọ ṣe ń di awọ. Awọ ẹran tútù á jẹrà bí wọn kò bá ṣe é. Ní Kano àti Sókótó, èso igi tí wọ́n ń pè ní bagaruwa ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n á fi awọ sí i títí á fi mú un. Oje tó wà nínú èso yẹn, tánnìn ni orúkọ rẹ̀, irú rẹ̀ ló wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lára irin, ẹ fi ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ bó irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má nu ọ̀bẹ náà. Kó tó pẹ́, ojú rẹ̀ á ti dú.

Àwọn tó ń ṣe awọ nílẹ̀ Haúsá mọ èyí tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí awọ dú, wọ́n á rẹ ìdàrọ́ irin sínú omi kíkan, wọ́n á fi pa awọ tí bagaruwa ti mú, awọ á sì dú kirikiri. Irin àti oje igi tó pàdé ló bí dúdú yẹn. Irú awọ yìí kan náà la wá ń sé irin mọ́ inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Dúdú nìkan kọ́ ni ìṣòro o. Omi ló burú jù. Awọ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ ṣe ń ṣe. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú 100, irin tí kò ní nǹkan lára á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún kíákíá. Lásìkò òjò ní Èkó, ó máa ń ju 80 lọ. Wọ́n tún máa ń fi iyọ̀ pa awọ tútù kó má baà jẹrà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè kù sínú awọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ní iyọ̀. Ọdẹ á fi ewé nu ọ̀bẹ gààràgà, á tì í bọ àkọ̀, ohun tó kù lára rẹ̀ á wọ ojú ìrán, níbi tí oòrùn kò lè dé láé. Ẹ wo ìgbànú awọ tí àwọn ọdẹ ń to ọta sí: bó bá pẹ́ níbẹ̀, idẹ ìdí ọta á hu nǹkan aláwọ̀ ewé. Awọ ló fà á.

Ẹ má sì bá alágbẹ̀dẹ jà. Síprìngì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń rọ báyìí, irin gidi ni, ó ń gba mímú dáadáa. Ṣùgbọ́n irin tí kì í dógùn-ún gbọ́dọ̀ ní krómíọ̀mù, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ irin kó má baà dógùn-ún, tó 10.5 nínú 100, ó kéré tán. Ti síprìngì kì í sábà pé 1.

Iṣẹ́ àkọ̀ ni pé kó gba itan ọdẹ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, bó bá ń fo igi tó wó lóru, kó sì gba ojú ọ̀bẹ lọ́wọ́ òkúta. Ìrìn la ṣe é fún. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ tó ń rán làbà, àpò awọ Ṣàngó, ohun tí mo sì ń sọ yìí kò bu iṣẹ́ ọwọ́ wọn kù.

Bí ẹ bá ti dé láti oko, ẹ yọ ọ̀bẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ́ọ̀lì máṣíìnì ìránṣọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e. Ẹ má fi epo pupa pa á. Bó bá pẹ́, á kan, kíkan náà á tún máa jẹ irin. Ẹ gbé àkọ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bó bá tutù, ẹ má yá a níná, torí awọ tútù tó rí iná á súnkì, á le gan-an, ọ̀bẹ kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo gbé ọ̀bẹ bàbá mi lọ sí àgbẹ̀dẹ. Bàbá alágbẹ̀dẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n fi èékánná wá ìdí àwọn kòtò náà. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ̀ ọ́ títí kòtò á fi tán, irin tó máa kù kò ní lè bó ẹran. Mo ní kí wọ́n kàn pọ́n ojú rẹ̀ fún mi.