Àwọsánmà Atànlóru àti Ìmọ́lẹ̀ Àríwá

Àwọsánmà atànlóru ni àwọsánmà tí ó ga jù lọ nínú òfuurufú ayé. Láàárín kìlómítà 76 sí 85 lókè ilẹ̀ ni ó máa ń wà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọsánmà òjò kì í sábà ga tó kìlómítà 20. Yìnyín tín-ín-tín ni, tí ó dì mọ́ eruku tí àwọn ìràwọ̀ tí ń já láti ojú ọ̀run ń fi sílẹ̀ bí wọ́n bá jóná. Kì í dá tàn fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí ilẹ̀ sì ti ṣú fún ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀, ìtànṣán oòrùn ṣì ń bá ibi gíga bẹ́ẹ̀, nígbà náà ni yóò hàn bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, funfun tàbí aláwọ̀ aró, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ bí iyanrìn etí òkun tí ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Ìgbà tí ó ń yọ ni ó yani lẹ́nu jù. Láti ìparí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹjọ ni wọ́n ń rí i ní ìhà àríwá, nígbà ooru gan-an, torí pé ìgbà náà ni ibi gíga yẹn nínú òfuurufú tutù jù lọ. Afẹ́fẹ́ a máa ru sókè lókè ìpẹ̀kun ayé lásìkò náà. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń fẹ̀, bí ó sì ti ń fẹ̀ ni ooru ń kúrò lára rẹ̀, títí yóò fi tutù kọjá dígíríì 120 nísàlẹ̀ òdo.

Ọdún 1885 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn tí òkè ayọnáyèéfín Krakatoa bú gbàmù ní Indonéṣíà. Otto Jesse ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ní 1887.

Ìmọ́lẹ̀ Àríwá yàtọ̀ sí i pátápátá, nítorí pé òun ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Èérún tín-ín-tín tí ó ní agbára iná mànàmáná máa ń fẹ́ wá láti ara oòrùn, òòfà ayé a sì darí wọn lọ sí ìhà ìpẹ̀kun ayé, níbi tí wọ́n ti ń kọlu ọ́síjìn àti náítírójìn. Ọ́síjìn ló ń mú àwọ̀ ewé wá ní nǹkan bí kìlómítà 100 sí 150, àti àwọ̀ pupa ní òkè kìlómítà 200.

Ní Tromsø ní Nọ́wè, oòrùn kì í wọ̀ rárá ní àárín ìgbà ooru, nítorí náà méjèèjì kì í hàn níbẹ̀ nígbà náà. Ibi tí òru ti ń ṣú díẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wọn pọ̀, bí Skọ́tílándì àti Edmonton ní Kánádà. A kì í rí wọn láti ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ń gbé Glasgow ní Skọ́tílándì lè kọjú sí àríwá ní nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Èyí tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ ni àwọsánmà. Èyí tí ń mì lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni Ìmọ́lẹ̀ Àríwá.