Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Ń Gbóná, Ẹ Tọpa Omi Ná

Ẹ má tíì ra tẹ́ḿósítáàtì, irin kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi nínú ẹ́ńjìnnì tí ooru bá tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré rà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná. Kí ẹ dá mi lóhùn ná: ìgbà wo ló ń gbóná? Ìgbà tó ń rọra lọ ni, àbí ìgbà tó bá ń sáré?

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni mò ń sọ. Èyí tó jókòó sínú ọkọ̀ ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lẹ́yìn sínú omi. Ilé iṣẹ́ Volvo Penta gbé tirẹ̀ jáde ní 1959, MerCruiser tẹ̀lé e ní 1961. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti pẹ́ kò ní rédíétọ̀. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ni pọ́ǹpù ń fà wọlé, tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká, tó sì ń bá èéfín jáde. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń ṣe ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì yín á pín nínú rẹ̀.

Nígbà tí odò Ouémé bá kún, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ewé orí omi á bo gbogbo ibi. Gbòǹgbò rẹ̀ àti ọ̀rá tí àwọn èèyàn dà sómi á lẹ̀ mọ́ ihò tí omi ń gbà wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le lánàá bá ṣàdédé gbóná lónìí, ẹ pa á, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ wo ihò yẹn. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba Kùtọnu wọ ọ̀sà Nokoué, iyọ̀ á pa ewé náà, á wá kọjú sí irin yín.

Èyí tó ń gbóná nígbà tó ń rọra lọ, tó sì ń tutù tí ẹ bá sáré díẹ̀, ìmpẹ́là ni mo máa ń fura sí. Rọ́bà ni, ó láwọn apá kéékèèké, òun ló ń ti omi. Yanrìn a máa jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó bá ti wà nílẹ̀ pẹ́, rọ́bà rẹ̀ á gan láìṣiṣẹ́. Nínú MerCruiser Alpha, inú ẹsẹ̀ ló wà, a ní láti tú ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kí a tó rí i. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, ó pẹ́ tán. Níbi tí yanrìn bá pọ̀, lọ́dọọdún. Bí apá kan bá ti já, ẹ wá a rí, torí inú họ́ọ̀sì ló máa há sí, ìmpẹ́là tuntun kò sì ní lè tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣíná ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìfún un lómi, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Èyí tó jẹ́ pé eré ló ń mú un gbóná le díẹ̀. Omi ń wọlé, àmọ́ kò tó. Họ́ọ̀sì tó ti rọ̀ lè máa fún pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fà á gidi. Àmọ́ nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, mánífóòdù, ìyẹn irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, àti irin tó tẹ̀ kọ́rọ́ lórí rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò, torí ìpáta máa ń dí ọ̀nà omi inú wọn. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láìfọwọ́kàn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lásìkò Kòrónà o, ìyẹn ò lè ka ooru tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì V6 tàbí V8, tí sílíńdà rẹ̀ pín sí apá méjì, ẹ wọn apá ọ̀tún, ẹ wọn apá òsì. Èyí tó bá gbóná ju èkejì lọ dáadáa ló dí. Nínú omi iyọ̀, mi ò kì í fọkàn tán irin yìí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, torí bó bá lu, omi á wọ sílíńdà, ẹ́ńjìnnì ló lọ yẹn.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru yìí kan náà ni kí ẹ fi wádìí géèjì ooru iwájú yín. Wáyà tó dípáta máa ń mú géèjì parọ́.

Tẹ́ḿósítáàtì wá kù. Àwọn mẹkáníìkì kan a máa yọ ọ́ sọnù. Mi ò fara mọ́ ọn, torí ẹ́ńjìnnì tí kò móoru tó á máa da bẹntiróòlù mọ́ ọ́ìlì. Èyí tó burú jù ni fífi ti mọ́tò sí i, tí kì í ṣí títí yóò fi di nǹkan bí 82 tàbí 88 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo omi ọ̀sà, nǹkan bí 60 ni tirẹ̀ ń ṣí, torí bí ooru bá ga jù, iyọ̀ inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná, ẹ ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́, ẹ ó rí ibi tó ti ṣí.

Kí ẹ tó ṣíná rẹ̀ padà, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ògì, omi ti dà mọ́ ọn. Ẹ má ṣíná rẹ̀ mọ́, ẹ ní kí ọkọ̀ mìíràn wọ́ yín dé èbúté.